ÀYÈ ÌPAMỌ́ INÚ KỌ̀ǸPÚTÀ ALÁGBÈÉKÁ TI Ọ́FÍÌSÌ ẸGBẸ́: ÈWO LÓ TÓ WA?

Ọ̀rọ̀ tí ìgbìmọ̀ ìrajà sọ níwájú ìpàdé gbogboogbò ẹgbẹ́ wa ní Kánò



Àwa márùn-ún tí a dìde yìí ni ẹ yàn pé kí a lọ wádìí kọ̀ǹpútà alágbèéká tí ẹgbẹ́ máa rà fún ọ́fíìsì. Ọ̀kan nínú wa jẹ́ olùkọ́, ọ̀kan ń tún kọ̀ǹpútà ṣe, ọ̀kan ń tẹ̀wé, ìyá kan ń ta aṣọ, ọ̀kan sì ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba. Ìbéèrè tí ẹ gbé lé wa lọ́wọ́ kò ju gbólóhùn kan lọ: àyè ìpamọ́ inú rẹ̀, báwo ló ṣe yẹ kó pọ̀ tó? Lọ́jọ́ náà, àwọn kan ní kí a ra èyí tó bá tóbi jù lọ kí ẹnu lè pa mọ́. Àwọn kan ní èyíkéyìí tó bá ti ń tàn ti tó. A ti lọ, a sì ti dé. Èsì wa kò gùn. 256 GB ti tó fún iṣẹ́ ọ́fíìsì wa fún ọdún márùn-ún, tó bá jẹ́ irú tí wọ́n ń pè ní SSD, tí a bá sì fi owó tó kù ra ohun tí a ó máa kó ẹ̀dà ìwé wa sí. Ṣùgbọ́n owó ẹgbẹ́ ni, owó opó àti owó ọmọ òrukàn wà nínú rẹ̀, kò yẹ kí a kàn jù ú síbẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a ṣàlàyé bí a ṣe ṣe ìṣirò rẹ̀.

A máa kọ́kọ́ padà sẹ́yìn díẹ̀, nítorí àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ẹgbẹ́ lè má mọ ohun tó mú ọ̀rọ̀ yìí wá. Ọdún 2018 ni a ra kọ̀ǹpútà kékeré tí a ń lò tẹ́lẹ̀. Tuntun ni, nínú páálí rẹ̀, ó fúyẹ́, ó dán, owó rẹ̀ sì tẹ́ wa lọ́rùn. Kò sí ẹnikẹ́ni nínú wa tó béèrè pé mélòó ni inú rẹ̀ gbà. Ìgbà tí a gbé e délé ni a tó mọ̀ pé 32 GB péré ni, àti pé wọ́n ti jó àyè ìpamọ́ náà mọ́ pátákó inú rẹ̀, kò ṣe é yọ, kò ṣe é fi òmíràn rọ́pò. Windows nìkan ti jẹ ju ìdajì rẹ̀ lọ kí akọ̀wé tó tẹ lẹ́tà kan ṣoṣo. Nígbà tó ṣe, gbogbo ìgbà tí Windows bá fẹ́ tún ara rẹ̀ ṣe ló ń sọ pé àyè kò sí. Nígbà tí ó fi máa di ọdún 2023, iṣẹ́ tí akọ̀wé ń kọ́kọ́ ṣe láàárọ̀ ni kí ó wá ohun tí yóò pa rẹ́, kí ó tó lè rí ibi fi ìwé ìpàdé pamọ́ sí.

Ibẹ̀ ni nǹkan ti bàjẹ́. Ẹ rántí pé òrùlé ọ́fíìsì jò nígbà kan, tí òjò ba ìwé ńlá tí a fi ń kọ ìdáwó jẹ́. Kí ó tó jẹrà tán, a ti ya àwòrán ojú-ewé rẹ̀ kọ̀ọ̀kan, pàápàá ti àwọn tó wọ ẹgbẹ́ kí ọdún 2010 tó dé. Inú kọ̀ǹpútà kékeré yìí ni àwọn àwòrán náà wà. Nígbà tí àyè há, a da wọn sí orí fláàṣì kan tí a rà lójú títì, tí wọ́n kọ 512 GB sí lára. Fídíò ayẹyẹ ti wà lórí fláàṣì náà tẹ́lẹ̀. A rí orúkọ gbogbo fáìlì náà níbẹ̀ ní wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, ọkàn wa balẹ̀, a sì pa ti inú kọ̀ǹpútà rẹ́. Kò sí ẹni tó ṣí ẹyọ kan wò nínú wọn. Ayédèrú ni fláàṣì náà. Ohun tó gbà ní tòótọ́ kò ju 16 GB lọ, fídíò sì ti kún un dẹ́nu. Orúkọ nìkan ló wà nínú rẹ̀, kò sí nǹkan kan lábẹ́ orúkọ.

Oṣù díẹ̀ lẹ́yìn náà, ọ̀kan nínú àwọn bàbá wa dolóògbé. Ọdún 1994 ló ti wọ ẹgbẹ́. Ìyàwó rẹ̀ wá béèrè owó ìrànwọ́ ìsìnkú tí òfin ẹgbẹ́ là sílẹ̀, a ṣí kọ̀ǹpútà, a kò rí orúkọ ọkọ rẹ̀. A kò pè é ní òpùrọ́ o, ṣùgbọ́n a ní kí ó lọ mú ẹ̀rí wá. Ẹ̀rí tó yẹ kí ó wà lọ́wọ́ wa ni a ní kí opó lọ wá nínú ilé ọ̀fọ̀. Ó fi owó èlé gbé òkú ọkọ rẹ̀ lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́. Ìgbà tí ó padà dé, tí ó ń tú ẹrù, ló rí káàdì ìdáwó náà ní ìsàlẹ̀ àpótí, nínú ọ̀rá, gbogbo rẹ̀ pé. Akápò wa àtijọ́ tó jókòó níwájú níbẹ̀ yẹn wo káàdì náà, ó rí ìkọ̀wé ara rẹ̀, ó sì bú sẹ́kún. A san owó náà lọ́jọ́ yẹn gan-an. Ọ̀sẹ̀ mọ́kànlá ti kọjá. Ìyá náà fún wa láyè láti sọ ọ́ níhìn-ín, bí a kò bá ti dárúkọ òun. Nítorí náà, bí ẹ bá gbọ́ tí a ń ka GB lónìí, ẹ má ṣe rò pé ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ kọ̀ǹpútà nìkan ni.

Ó yá, ẹ jẹ́ kí a bọ́ sórí òṣùwọ̀n. Báìtì ni wọ́n fi ń wọn ohun tó wà nínú kọ̀ǹpútà. Lẹ́tà lásán kan ń gba báìtì kan. (Lẹ́tà Yorùbá tó ru àmì lórí, tó tún ní ìdí nísàlẹ̀, ń gbà ju ìyẹn lọ. Owó orí wa ni, a ó máa san án.) Ẹgbẹ̀rún báìtì ni KB, mílíọ̀nù kan ni MB, bílíọ̀nù kan ni GB. Ẹ̀yin tí ẹ tẹ̀wé nígbà ayé dísíìkì pẹlẹbẹ yóò rántí pé 1.44 MB péré ni ọ̀kan ń gbà, lẹ́tà ọdún kan sì ń wọ inú rẹ̀. Lónìí, fọ́tò kan ṣoṣo tí ọmọ yín fi fóònù yà kò lè wọ inú méjì irú rẹ̀.

A lọ sí ọ́fíìsì, a ka ohun tí ẹgbẹ́ ń ṣe gan-an. Ìwé ìpàdé kan, ojú-ewé mẹ́rin, tí wọ́n tẹ̀, kò ju nǹkan bí 30 KB lọ. Ìpàdé 12 ni à ń ṣe lọ́dún. Bí a bá kó ìwé ìpàdé ọgbọ̀n ọdún jọ, gbogbo rẹ̀ kò tó 11 MB. Ẹ gbọ́ ọ dáadáa: àríyànjiyàn tí a ti ń ṣe fún ọgbọ̀n ọdún, fọ́tò mẹ́ta péré ni nínú kọ̀ǹpútà. Ojú ti àwọn kan nínú wa nígbà tí a rí i bẹ́ẹ̀.

Fọ́ọ̀mù ọmọ ẹgbẹ́ ńkọ́? A tó irinwó. Bí a bá fi ẹ̀rọ ya fọ́ọ̀mù olójú-ewé méjì pẹ̀lú fọ́tò pásípọ́ọ̀tù, 1 MB ni kí a bù fún ẹnìkọ̀ọ̀kan, 400 MB ni gbogbo rẹ̀. Rìsíìtì àti káàdì ìdáwó bí ọgọ́rùn-ún lóṣù, ìdajì MB fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, 600 MB lọ́dún nìyẹn, 3 GB ní ọdún márùn-ún. Bí a bá ro ìwé ìṣirò owó, lẹ́tà, ìwé ìpè àti ohun gbogbo tó dà bẹ́ẹ̀ mọ́ ọn, tí a sì tún bù lé e, 5 GB ti tó. Gbogbo ohun tí ẹgbẹ́ yìí jẹ́ lórí ìwé, fún ọdún márùn-ún gbáko, 5 GB.

Kí ló wá ń jẹ àyè? Àwa tí à ń ṣe fàájì ni. Ní ọdún kan, ayẹyẹ mẹ́rin ni a máa ń ṣe, bí a bá kó 300 fọ́tò wá láti ọ̀kọ̀ọ̀kan, tí fọ́tò kan jẹ́ 4 MB, ó súnmọ́ 5 GB lọ́dún, 25 GB ní ọdún márùn-ún. Ìyẹn ṣì rọrùn. Fídíò ni baba gbogbo wọn. Fídíò tí fóònù òde òní ń ká ní 1080p máa ń gbà láti nǹkan bí 60 MB dé 130 MB ní ìṣẹ́jú kan, bí fóònù náà bá ṣe ń fún un pọ̀ sí. Bí ẹnìkan bá ká ayẹyẹ fún wákàtí mẹ́ta, láti 11 GB dé 23 GB ni yóò gbé dé ọ́fíìsì lọ́jọ́ kejì. Ayẹyẹ ọjọ́ kan ṣoṣo ju ìwé ẹgbẹ́ ti ọdún márùn-ún lọ ní ìlọ́po méjì, nígbà mìíràn ìlọ́po mẹ́rin. Bí àwọn ọ̀dọ́ wa bá sì ní 4K ni àwọn fẹ́, kí Ọlọ́run kó wa yọ.

Ohun kejì tó ń jẹ àyè ni a kò fojú rí. Windows 11 tó jáde ní ọdún 2021, àwọn tó ṣe é ní kọ̀ǹpútà tí kò bá ní tó 64 GB kò lè gbà á. Ìyẹn ni ibi tó kéré jù. Bí wọ́n bá ti lò ó fún ọdún kan tàbí méjì, nǹkan bí 40 GB sí 50 GB ni òun àti àwọn àtúnṣe rẹ̀ máa ń gbé jókòó. Microsoft Office ń béèrè 4 GB. LibreOffice, tó jẹ́ ọ̀fẹ́, kò tó ìdajì ìyẹn. Ẹ ro ẹ̀rọ íntánẹ́ẹ̀tì, WhatsApp orí kọ̀ǹpútà, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé àti pàǹtírí tí wọ́n máa ń kó jọ fúnra wọn, a bu 15 GB fún gbogbo wọn. Windows tún ń fẹ́ ibi tí yóò máa tú ẹrù sí nígbà tí àtúnṣe ńlá bá dé, a bu 20 GB.

Ó wá di: Windows 50, àwọn ètò iṣẹ́ 15, ibi ìtúrù 20, ìwé ẹgbẹ́ 5, fọ́tò 25. 115 GB ni. Àwọn tó mọ̀ ní kì í dára kí SSD kún dẹ́nu, iṣẹ́ rẹ̀ máa ń falẹ̀, ó sì dára kí ìdá kan nínú márùn-ún máa ṣófo. Bí a bá fi ìyẹn kún un, a ó nílò nǹkan bí 145 GB. 128 GB kò gba ìyẹn. 256 GB gbà á, ó tún ṣẹ́kù.

Ìyàwó alága béèrè lọ́wọ́ wa lọ́jọ́ kan pé kí ló dé tí wọ́n kọ 256 sí ara páálí, tí kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ sì ń pè é ní 238, àbí wọ́n ti rẹ́ wa jẹ? Rárá o, ìyá wa. Gbogbo wa tí à ń ra ìrẹsì ní Kánò mọ̀ pé mudu ibí yìí kì í ṣe kóńgò ilé. Ẹni tó bá ka kóńgò mẹ́wàá nílé, tó dé ibí, tó fi mudu wọ̀n ọ́n, iye tí yóò kà yóò yàtọ̀, ìrẹsì náà kò sì dín. Àwọn tó ń ṣe é ń fi ẹgbẹ̀rún-ẹgbẹ̀rún kà, 1,000. Windows ń fi 1,024 kà. Nítorí náà, 128 máa ń fi 119 hàn, 256 ń fi 238, 500 ń fi 465, 1 TB ń fi 931. Bí ẹ bá rí iye wọ̀nyí, kò sí ìjà. Bí 256 bá fi 119 hàn yín, ẹ pariwo olè.

Ẹ jẹ́ kí a pẹ́ díẹ̀ lórí irú rẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni wọ́n ti fẹ́ mú wa. Ní ọjà, oníṣòwò kan gbé méjì síwájú wa. Ọ̀kan jẹ́ 1 TB, èkejì jẹ́ 256 GB, owó wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Bàbá wa tó ti fẹ̀yìn tì ti na ọwọ́ sí 1 TB, nítorí ta ni kò fẹ́ ọ̀pọ̀? Ọmọ wa tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní kí a dúró. Ó ní kí ọkùnrin náà tan méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà. 256 ti ṣí tán, a ti tẹ orúkọ ẹgbẹ́ sínú rẹ̀, 1 TB ṣì ń yí òbìrí lójú fèrèsé. Ó ṣàlàyé fún wa pé háàdì dísíìkì ni 1 TB náà, awo inú rẹ̀ ń yí bí awo rẹ́kọ́ọ̀dù àtijọ́, 5,400 ìgbà ní ìṣẹ́jú kan, tí abẹ́rẹ́ kan sì ń sáré kiri lórí rẹ̀. Bí kọ̀ǹpútà bá jábọ́ nígbà tó ń yí, abẹ́rẹ́ lè ha awo náà, ó tán. SSD kò ní ohun tó ń yí nínú, ó yá, kò fi bẹ́ẹ̀ bẹ̀rù ìjìgì. Ẹ̀yin tí ẹ ń gun Kánò sí Ìlọrin nínú bọ́ọ̀sì mọ bí ìjìgì ṣe ń rí. Irú kẹta ni eMMC, èyí tó wà nínú kọ̀ǹpútà wa àtijọ́. Kò burú fún ọmọdé tó ń kẹ́kọ̀ọ́, ṣùgbọ́n ó lọ́ra ju SSD lọ, wọ́n sì máa ń jó o mọ́ pátákó ni.

Ohun tó wù wá jù nípa 256 GB yìí ni pé kì í ṣe ìpinnu tí a kò lè yí padà. Ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì ni SSD wọn ṣe é tú. Bí àyè bá há wa lẹ́yìn ọdún mẹ́rin, a ó ra 512, a ó gbé ohun inú ti àkọ́kọ́ lé e, kọ̀ǹpútà kan náà ni a ó máa lò lọ. Nítorí náà, ìbéèrè tí ẹ gbọ́dọ̀ bi oníṣòwò kí ẹ tó bi í ní iye GB ni pé: ṣé ó ṣe é yọ? Bí ó bá ní kò ṣe é yọ, a jẹ́ pé 256 ni ibi tó kéré jù tí ẹ lè fojú sí, 512 ló dára.

Tòkunbọ̀ ni ẹgbẹ́ lágbára, a kò tijú. Ṣùgbọ́n tòkunbọ̀ ní ojú tí a fi ń wò ó. Ìtìlẹ́yìn ọ̀fẹ́ tí Microsoft ń ṣe fún Windows 10 parí ní ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá ọdún 2025, nítorí náà, kí ẹ má ra èyí tí kò lè gba Windows 11. Tó bá jẹ́ ti Intel, láti ìran kẹjọ sókè ni wọ́n gbà, bí a bá yọ ìwọ̀nba díẹ̀ kúrò. Lẹ́yìn náà, ẹ má gba ohun tó wà lára ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn gbọ́. Ẹ ṣí This PC, ẹ ka iye rẹ̀. Ẹ ṣí Task Manager, ẹ wo Performance, yóò kọ SSD tàbí HDD sí ẹ̀gbẹ́ dísíìkì náà. eMMC lè fara jọ SSD níbẹ̀, nítorí náà, bí ẹ bá rí 32 tàbí 64 GB, ẹ fura. Ètò ọ̀fẹ́ kan wà tó ń jẹ́ CrystalDiskInfo, ó máa ń sọ ìlera dísíìkì, ó sì sábà máa ń sọ wákàtí tí wọ́n ti fi lò ó. Ọ̀kan tí wọ́n pè ní "lò díẹ̀" fún wa, a fi ètò yìí wò ó, a kí oníṣòwò náà pé ó dàárọ̀, a sì bá tiwa lọ.

Nípa fláàṣì, ẹ̀kọ́ tí a kọ́ ti pọ̀ tó. Àwọn ayédèrú máa ń tún ọpọlọ inú rẹ̀ kọ kí ó lè máa purọ́ fún kọ̀ǹpútà pé òun tóbi. Bí a bá ra òmíràn, a ó fi H2testw dán an wò kí a tó kó ohunkóhun sí i. Yóò kọ nǹkan kún un dẹ́nu, yóò sì kà á padà. Ó lè gba wákàtí púpọ̀, ẹ jẹ́ kí ó gbà á. Ẹni tí kò bá ní ètò náà, kí ó da fáìlì kún fláàṣì náà, kí ó yọ ọ́, kí ó tún kì í bọ̀ ọ́, kí ó wá máa ṣí wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, pàápàá àwọn tó wọlé kẹ́yìn.

Ìdí nìyí tí a fi sọ lẹ́ẹ̀kan pé 256 tó, bí a bá ra ohun mìíràn mọ́ ọn. Owó tí a ò ní ná sórí 1 TB inú kọ̀ǹpútà, kí a fi ra háàdì dísíìkì ti ìta tó jẹ́ 1 TB. Ibẹ̀ ni fídíò yóò máa gbé. Níbẹ̀, yíyára kò ṣe pàtàkì, kò sì sí ẹni tó ń gbé e wọ bọ́ọ̀sì. Ẹ̀dà ìwé ẹgbẹ́ yóò wà níbẹ̀ pẹ̀lú. SSD dára, ṣùgbọ́n nígbà tí yóò bá kú, ó lè kú láìkọ́, láìsín. Kọ̀ǹpútà tó ní àyè ńlá tí kò ní ẹ̀dà níbòmíràn, ẹrù púpọ̀ ló máa bá a lọ lọ́jọ́ kan.

Kí ẹ̀dà kejì má sì sùn sínú ọ́fíìsì kan náà. Púpọ̀ nínú yín kò tíì gbàgbé iná tó jó ọjà Sabon Gari ní oṣù kẹta ọdún 2016, tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún ṣọ́ọ̀bù lọ sí i. Àwọn tó ní ìwé gbèsè oníbàárà nínú ṣọ́ọ̀bù, ọjà àti ìwé jọ jó pọ̀ ni. (Ẹ sì wò ó, nílé, Hausa ló ń gbé Sábó, níhìn-ín, àwa là ń gbé Sabon Gari. Ẹni tó bá jìnnà sílé ló yẹ kí ó tọ́jú ìwé rẹ̀ jù.) Ìmọ̀ràn wa ni pé kí akọ̀wé owó máa gbé fláàṣì ojúlówó kan tí ẹ̀dà ìwé wà lórí rẹ̀ lọ sílé ní ìparí oṣù, kí ìwé náà sì tún wà lórí Google Drive. Àyè ọ̀fẹ́ tí wọ́n ń fúnni níbẹ̀ jẹ́ 15 GB, ìwé wa kò sì ju 5 lọ. Fídíò kò gbọ́dọ̀ dé ibẹ̀ o. Láti oṣù kìíní ọdún 2025 tí àjọ NCC ti gbà kí àwọn ilé-iṣẹ́ fóònù fi tó ìdá 50 nínú ọgọ́rùn-ún lé owó wọn, gbogbo wa mọ ohun tí dátà ń ṣe sí àpò. A tún ní láti fi ọ̀rọ̀ ìṣíde sí gbogbo rẹ̀. Orúkọ, àdírẹ́sì àti nọ́ńbà fóònù àwọn ènìyàn ló wà níbẹ̀, òfin ààbò dátà ti Nàìjíríà, ti ọdún 2023, sì kan ẹgbẹ́ bíi tiwa náà.

Àwọn kan bi wá pé ṣé a kò lè máa fi fóònù akọ̀wé ṣe gbogbo rẹ̀? Fóònù lágbára, a kò jiyàn. Ṣùgbọ́n fóònù akọ̀wé, ti akọ̀wé ni. Ọjọ́ tó bá gbé ipò sílẹ̀, tàbí tí wọ́n jà á gbà ní ojú ọ̀nà, ẹgbẹ́ kò ní ẹnu ọ̀rọ̀. Àwọn ọ̀dọ́ wa sì ní 1 TB SSD ni kí a rà, kí àwọn lè máa gé fídíò lórí rẹ̀. A gbọ́ wọn, wọn kò sọ ìsọkúsọ. Fún ẹni tó ń gé fídíò, 256 kéré. Bí ẹgbẹ́ bá fẹ́ ṣe iṣẹ́ fídíò lọ́jọ́ iwájú, kí a jókòó lórí ìyẹn lọ́tọ̀, kí a sì ya owó rẹ̀ lọ́tọ̀. Èyí tí a ń rà báyìí, ti ìwé ni. Ọ̀kan nínú àwa márùn-ún fara mọ́ àwọn ọ̀dọ́, ó sì ní kí a sọ ọ́ fún yín, a ti sọ ọ́.

Bí ìpàdé bá fọwọ́ sí i lónìí, ohun tí a ó rà ni kọ̀ǹpútà alágbèéká tòkunbọ̀ kan tó ń gba Windows 11, tí RAM rẹ̀ jẹ́ 8 GB, tí SSD rẹ̀ jẹ́ 256 GB tó ṣe é yọ, háàdì dísíìkì ìta 1 TB kan, àti fláàṣì ojúlówó méjì. Iye owó tí a rí lọ́jà wà lọ́wọ́ akápò, a kò kọ ọ́ síhìn-ín nítorí kì í dúró fún ọ̀sẹ̀ méjì.

Ó ku ẹ̀bẹ̀ kan. Ojú-ewé ìdáwó àwọn tó wọ ẹgbẹ́ kí ọdún 2010 tó dé ti lọ. Kò sí kọ̀ǹpútà tó lè dá a padà. Ohun tó kù ni káàdì tó wà nílé yín. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ tú àpótí, ẹ wo abẹ́ ẹní, ẹ wo inú Bíbélì àti Kùránì, ẹ bi àwọn ìyàwó yín. Láti ọjọ́ Sátidé tó ń bọ̀, akọ̀wé yóò wà ní ọ́fíìsì láti aago 10 àárọ̀ títí di aago 2 ọ̀sán, ọmọ wa tó ń tẹ̀wé yóò gbé ẹ̀rọ ìyàwòrán-ìwé tirẹ̀ wá lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ mú káàdì náà wá bó ṣe wà, bó tilẹ̀ ti ya. A ó yà á, a ó ṣí i wò lójú yín kí ẹ lè rí i pé ó wọlé, a ó sì dá a padà fún yín lọ́wọ́ kí ẹ tó dìde.